"Borrow" ni àbí "lend"? Bí ẹ ṣe máa yan ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó tọ́ láàárín àwọn tó jọra

"Please borrow me your biro." Kò sí kíláàsì tí ẹ ò ti ní gbọ́ gbólóhùn yìí ní Àkúrẹ́, láti prámárì títí dé yunifásítì FUTA. Ẹni tó ń sọ ọ́ kì í ṣe olódo. Ó mọ "borrow", ó mọ "lend", ó sì mọ̀ pé orí yíyá ni àwọn méjèèjì dá lé. Ibi tó ti ń ṣubú ni kó yan èyí tó yẹ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ẹnu. Bẹ́ẹ̀ náà ni "say" àti "tell", "steal" àti "rob", "work" àti "job". Nínú ìbéèrè 180 tí JAMB ń bi èèyàn, 60 ló jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, irú àwọn ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń dán ọmọ wò.

Ohun tí mo ń rí nídìí iṣẹ́ lẹ́sìn ni pé àwọn ọmọ máa ń há ìtumọ̀ sórí, ìtumọ̀ ọ̀hún á sì dàpọ̀ mọ́ra wọn kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá tí wọ́n ń sọ láti kékeré ti ya púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sọ́tọ̀. Ibòmíì nínú gbólóhùn ló kàn fi ìyàtọ̀ náà sí. Ẹni tó bá mọ ibi tó fi í sí kò ní nǹkan púpọ̀ láti há mọ́.

Ohun tí ẹ nílò

- Ìwé kékeré kan tí ẹ ò ní kọ nǹkan mìíràn sí, àti bírò.
- Díkíṣọ́nárì tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó ń fi gbólóhùn ṣe àpẹẹrẹ lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Irú rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó kéré bí àtẹ́lẹwọ́, tó ń fi ọ̀rọ̀ kan túmọ̀ òmíràn, kò lè ràn yín lọ́wọ́ níbí: ẹ wo "job", á ní "work", ẹ wo "work", á ní "job".
- Ẹnì kan nínú ilé tó máa gbọ́ gbólóhùn yín. Kò pọn dandan kó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ gbólóhùn náà ní Yorùbá, kó pé

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ nínú ilé: ta ló ṣe é, kí ló ṣe, ta ló ṣe é fún, ọwọ́ ta ni nǹkan ti kúrò. "Mo yá owó" kò tíì pé. "Mo yá owó lọ́wọ́ Ṣadé" pé. "Mo yá Ṣadé lówó" náà pé.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* Wọ́n máa ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i. "Lọ́wọ́" àti "lówó" á wá di "lowo" kan náà, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì yìí gan-an ló gbé ìyàtọ̀ "borrow" àti "lend" dání. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀, ẹ fi sórí irú àwọn kékeré yìí.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ka gbólóhùn náà sí ẹni yẹn létí. Bó bá bi yín pé "lọ́wọ́ ta?" tàbí "fún ta?", kò tíì pé nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wá ọ̀rọ̀ kékeré tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ìṣe

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, ẹ má kánjú kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi yá bẹ̀rẹ̀. Tí "lọ́wọ́" bá wà níbẹ̀, nǹkan ti kúrò lọ́wọ́ ẹlòmíì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. "Borrow" nìyẹn, "from" ló sì máa ń tẹ̀ lé e: "I borrowed money from Ṣadé." Tí kò bá sí "lọ́wọ́", tó jẹ́ pé èèyàn ló tẹ̀ lé "yá" tààrà, "lend" ni: "I lent Ṣadé money", tàbí "I lent money to Ṣadé". Tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá, "lent" ni à ń lò, kò sí "lended". Nítorí náà, "Jọ̀ọ́, yá mi ní bírò ẹ" ni "Please lend me your biro". Ẹni tó bá fẹ́ lo "borrow" dandan, kó yí i padà sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀: "May I borrow your biro?"

Ọ̀rọ̀ ilé náà ní irú rẹ̀. Ẹ wo pátákó "TO LET" tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ilé káàkiri Àkúrẹ́. Onílé ló ń tẹnu pátákó yẹn sọ̀rọ̀: ó fẹ́ fi ilé rẹ̀ háyà. Ayálégbé kì í "let" ilé, "rent" ló ń ṣe. Ọmọ FUTA tó bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òun ti "let" yàrá kan ní South Gate ti sọ ara rẹ̀ di onílé lójú ẹni tó máa kà á. "Rent" fúnra rẹ̀ ṣeé lò níhà méjèèjì, "from" tàbí "to" ló máa fi ẹni tó nilé hàn: "I rent a room from him", "He rents rooms to students".

Kọ́ ń ṣe bíi "yá". "Mo kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ wọn" ni "learn": "I learned tailoring from them." "Wọ́n kọ́ mi níṣẹ́ télọ̀" ni "teach": "They taught me tailoring." Ẹ wò ó dáadáa: èèyàn tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ìṣe tààrà, "ní" sì tẹ̀ lé èèyàn náà, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí nínú "yá Ṣadé lówó". Tí ẹ bá ti rí i bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn "yá" tàbí "kọ́", ẹni tó ń fúnni là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Tó bá jẹ́ "lọ́wọ́" tàbí "lọ́dọ̀", ẹni tó ń gbà ni.

Sọ ni èyí tí mo rí pé ó ń gba máàkì lọ́wọ́ àwọn ọmọ jù. "Pé" àti "fún" ni kí ẹ máa wò. Tí "pé" bá tẹ̀ lé "sọ" lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, "say" ni: "Ó sọ pé òun ń bọ̀", "She said she was coming". Tí "fún" àti èèyàn bá kọ́kọ́ wọlé, "tell" ni: "Ó sọ fún mi pé òun ń bọ̀", "She told me she was coming". "She said me" kò dára, "She told that she was coming" náà kò dára. Bí ẹ bá fẹ́ kí èèyàn tẹ̀ lé "say", ẹ fi "to" sáàárín: "She said it to me." Àwọn kan wà tí wọn kì í tẹ̀ lé òfin yìí, àwọn ni kí ẹ há sórí: "tell a lie", "tell the truth", "tell a story". Wọ́n lè dúró láìsí èèyàn kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Wá àti lọ rọrùn. "Gbé e wá" ni "bring", "gbé e lọ" ni "take". "Bring" ṣeé lò fún ọ̀dọ̀ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, bí àwa náà ṣe ń sọ pé "Màá gbé e wá fún yín lọ́la": "I will bring it to you tomorrow." Tí àwọn méjèèjì bá wà nínú gbólóhùn kan, "lọ gbé e wá", "fetch" ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ "fetch water" là ń sọ fún "lọ pọnmi wá".

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* Wọ́n á ti yan ọ̀rọ̀ ìṣe tó tọ́ tán, wọ́n á wá fi "from" ẹni yìí mọ́ ọ̀rọ̀ tọ̀hún. "I lent it from him" burú ju "borrow me" lọ, nítorí ẹni tó gbọ́ ọ kò lè mọ ọwọ́ ẹni tí nǹkan wà mọ́. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ sínú ìwé yín: "borrow from", "lend to".

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fọwọ́ bo Yorùbá tí ẹ kọ, kí ẹ ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ nìkan. Ṣé ẹ lè sọ ọwọ́ ẹni tí nǹkan náà wà báyìí? Tí ẹ bá ń ronú, gbólóhùn náà kò tíì dára.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ bi ara yín pé èèyàn ni ó ṣẹlẹ̀ sí, àbí nǹkan

"Wọ́n jí fóònù mi" àti "Wọ́n jà mí lólè": kò sẹ́ni tó ń sọ "Wọ́n ja fóònù mi lólè". Bí Yorùbá ṣe yà á ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe yà á. Nǹkan ni wọ́n ń "steal", èèyàn tàbí ibì kan bíi báńkì ni wọ́n ń "rob". "My phone was stolen. I was robbed." Tí ẹ bá fẹ́ fi èèyàn àti nǹkan pọ̀ sínú gbólóhùn "rob", "of" ló máa so wọ́n pọ̀: "They robbed him of his phone."

Ibi bọ́ọ̀lù ni èyí tó kàn. Tí Sunshine Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Àkúrẹ́, bá na ẹgbẹ́ kan, ẹ máa gbọ́ "We won them" káàkiri Àkúrẹ́. Ìdíje, eré tàbí ife ẹ̀yẹ là ń "win". Ẹni tí a bá a díje là ń "beat". "A jáwé olúborí": "We won." "A nà wọ́n": "We beat them." "Beat" kì í yí padà tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá.

"Dé" náà wà níbí. "Reach" kì í fẹ́ ọ̀rọ̀ kankan sáàárín òun àti ibi tí a dé: "We reached Ondo at noon." "Arrive" ń béèrè "in" fún ìlú, "at" fún ibi kékeré: "We arrived in Ondo", "We arrived at the garage". "Reached to" kò sí rárá.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé "rob" àti "beat" nínú gbogbo gbólóhùn tí ẹ kọ. Tí ìlà náà bá bọ́ sábẹ́ fóònù, owó tàbí ife, ẹ pa á rẹ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni?

"Gbọ́" ni "hear", "fetí sí" ni "listen to". "Rí" ni "see", "wò" ni "look at". Tí ohun tí à ń wò bá ń rìn tàbí tó ń ṣẹlẹ̀ lọ, bíi bọ́ọ̀lù tàbí fíìmù, "watch" ni. Ẹ má gbàgbé "to" lẹ́yìn "listen": "Listen me" ń dun etí.

Àfi ibì kan. A máa ń fi "gbọ́" sọ ti òórùn. Ẹni tó bá rìn kọjá níbi tí wọ́n ti ń sá kòkó ní Oǹdó lè sọ pé "Mò ń gbọ́ òórùn kòkó". Gẹ̀ẹ́sì kì í gbọ́ òórùn létí, "smell" ni: "I can smell cocoa." Ẹ sì ṣọ́ra fún "I am hearing you". "I can hear you" ló tọ́.

"Rántí" àti "rán létí" náà ti yàtọ̀ síra tẹ́lẹ̀. "Remember" ni ti ẹni tó rántí fúnra rẹ̀. "Remind" ni ti ẹni tó rán ẹlòmíì létí. "Remember me to buy bread" kò tọ́, "Remind me" ni.

Ìgbésẹ̀ 5: Ṣé ó ṣeé kà ní ẹyọ kan, ẹyọ méjì?

Níbí, Yorùbá kò lè gbà wá. A ń ka iṣẹ́, a ń ka ìmọ̀ràn, a ń ka ẹrù, gbogbo wọn ló ń gba "kan" àti "méjì". Gẹ̀ẹ́sì yà wọ́n sọ́tọ̀, díkíṣọ́nárì ló sì máa sọ èyí tó jẹ́: ẹ wá "countable" àti "uncountable", tàbí C àti U, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà.

"Job" ṣeé kà, "work" tó túmọ̀ sí iṣẹ́ òòjọ́ kò ṣeé kà. "I am looking for a job" dára, "I am looking for work" dára, "I am looking for a work" kò dára. "Works" wà lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni "Ministry of Works", ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀nà, afárá àti ilé ìjọba ni ìyẹn ń sọ. Ìrìn àjò náà rí bẹ́ẹ̀: "trip" ni àlọ àti àbọ̀, "journey" ni ìrìn láti ibì kan dé ibòmíì, "voyage" ni ti orí òkun tàbí òfúrufú lọ́hùn-ún. "Travel" kì í gba "a" níwájú.

Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ àwọn wọ̀nyí sí ojú ìwé àkọ́kọ́, nítorí wọ́n máa ń jáde nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́: "advice", "information", "equipment", "furniture", "luggage". Ìkankan wọn kì í gba "s" lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ìmọ̀ràn méjì, "two pieces of advice".

*Àyẹ̀wò:* Ẹ mú lẹ́tà kan tí ẹ ti kọ rí, kí ẹ wá gbogbo "s" tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ orúkọ. Èyí tí díkíṣọ́nárì bá ní kò ṣeé kà, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ fún owó kọ̀ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀

Yorùbá á kọ́kọ́ pe "owó", á wá sọ ohun tí a san án fún: owó ọkọ̀, owó ilé, owó oṣù, owó orí. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n á máa sọ "money" títí, "house money", "motor money".

Ká ní ẹ wọkọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó. Owó tí ẹ fún awakọ̀ ni "fare"; kò nílò "transport" níwájú. Ẹ fún un ní owó ńlá, ó ní kí ẹ jẹ́ kí òun wá ṣẹ́ńjì. Níbí ni gbogbo wa ti ń pariwo "my balance!" Yorùbá ti sọ ọ́ tán: ṣẹ́ńjì ni, "change" ni. "Balance" ni owó tó kù nínú àkáǹtì, tàbí gbèsè tó kù tí a ò tíì san tán.

Ẹ dé Ọjà Ọba. Iye tí wọ́n ń ta nǹkan ni "price". "Cost" máa ń ṣiṣẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìṣe: "How much does it cost?" Ẹ lè bi í pé "What is the price?", ṣùgbọ́n "How much is the price?" kò tọ́. Èyí tó tún ń pọ̀ ni "The price is expensive". Ẹ gbọ́ bí àwa ṣe ń sọ ọ́: ọjà ló ń wọ́n, owó ọjà ló ń pọ̀. Tí a bá ní "owó wọ́n nílùú", ohun tí à ń sọ ni pé owó kò sí lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Gẹ̀ẹ́sì náà kì í pa wọ́n pọ̀: "Yam is expensive", "The price of yam is high".

Owó òṣìṣẹ́ ní méjì. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní Alágbàká tó ń gbowó lóṣooṣù ń gba "salary". Lébìrà tí wọ́n ń san owó fún lójúmọ́ tàbí lọ́sẹ̀ ń gba "wages". "Minimum wage" nìkan ló yapa: 70,000 náírà tí òfin ọdún 2024 fọwọ́ sí jẹ́ ti oṣù kan, "wage" là ń pè é síbẹ̀.

Ìyókù kò le. Owó dókítà, lọ́yà, ilé ìwé àti ìdánwò ni "fee", ti ilé ìwé sì máa ń jẹ́ "school fees". Owó ilé ni "rent", owó orí ni "tax", owó ìtanràn ni "fine", owó ìfẹ̀yìntì ni "pension".

*Àyẹ̀wò:* Ẹ kọ gbogbo owó tó jáde nínú ilé yín lọ́sẹ̀ yìí sílẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, láìlo "money" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ wo ìparí ọ̀rọ̀

Àwọn tó jáde láti inú ọ̀rọ̀ kan náà ni JAMB fẹ́ràn láti tò sí A, B, C, D. "Considerate" ni ẹni tó ń ro ti ẹlòmíì, "considerable" ni ohun tó pọ̀ dáadáa. "Economic" ni ti ọrọ̀ ajé ìlú, "economical" ni ti ẹni tàbí ohun tí kì í náwó nínàákúnàá. "Childish" jẹ́ èébú fún àgbàlagbà, "childlike" kì í ṣe èébú.

Èyí tó léwu jù ni "hard" àti "hardly". "He works hard": ó ń ṣiṣẹ́ kára. "He hardly works": ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣiṣẹ́ rárá. Ẹ̀gbọ́n tó bá kọ ọ̀kan dípò èkejì sínú lẹ́tà tí àbúrò rẹ̀ fẹ́ fi wáṣẹ́ ti ba iṣẹ́ náà jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò pọ̀

Ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú kí ẹ tó ṣe èyí. Ẹ bo ìdáhùn mọ́lẹ̀, kí ẹ kọ Gẹ̀ẹ́sì gbólóhùn wọ̀nyí:

1. Wọ́n ja màmá wa lólè lójú ọ̀nà Ìdànrè.
2. Aláta kò tíì fún mi ní ṣẹ́ńjì.
3. Rán mi létí kí n pe tíṣà.
4. Wọ́n gbà mí nímọ̀ràn méjì.
5. Ó sọ fún wa pé ọkọ̀ ti lọ.
6. Mo yá àga lọ́wọ́ wọn.
7. Ẹ bá mi lọ gbé àga kan wá.

Ìdáhùn:

1. Our mother was robbed on the Idanre road.
2. The pepper seller has not given me my change.
3. Remind me to call the teacher.
4. They gave me two pieces of advice.
5. He told us that the bus had left.
6. I borrowed chairs from them. ("A chair" náà tọ́.)
7. Please fetch me a chair.

Bí ẹ bá ṣi 5, 6 tàbí 7, ẹ padà sí Ìgbésẹ̀ 2. Ti 1 wà ní Ìgbésẹ̀ 3, ti 3 wà ní Ìgbésẹ̀ 4, ti 4 wà ní Ìgbésẹ̀ 5, ti 2 sì wà ní Ìgbésẹ̀ 6. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta tuntun tiyín lórí èyí tí ẹ ṣì, kí ẹ tó tún ìdánwò náà ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.